Ògbufọ̀ Ọmọ Mi Ni Mí, Irọ́ Ni Mò Ń Túmọ̀

Bí ẹ bá ń wá baba rere tí ẹ máa fi ṣe àpẹẹrẹ fún ọkọ yín, ẹ má wulẹ̀ dúró lójú ìwé yìí. Ẹ ṣí i kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin tó gbọ́n bíi tèmi ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú kòtò, ẹ fa àga sún mọ́ mi.

Iṣẹ́ éjẹ́ńtì ilé ni mò ń ṣe. Èmi ni mo máa ń mú èèyàn lọ wo yàrá. Bí yàrá bá ṣókùnkùn, mo máa ń sọ pé ó tutù. Bó bá kéré, mo máa ń sọ pé gbígbá rẹ̀ kò ní í nira. Bí àwọn tó ń gbé lókè bá ń wọ́ àga káàkiri láti òwúrọ̀ dé alẹ́, mo máa ń sọ pé inú ilé yìí, èèyàn kì í dá wà.

Ẹ̀bùn ọ̀rọ̀ ni Ọlọ́run fún mi. Ó wá fún mi ní ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin, tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ọ̀gá là ń pè é nílé, torí pé láti ìgbà tó ti ń rákò ló ti ń pàṣẹ. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kò tíì lè pe 'k'. 'T' ló fi ń dípò rẹ̀. 'R' a di 'y' lẹ́nu rẹ̀, 'gb' a di 'b'. Bó bá fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi ṣeré, 'tọ́tọ́yọ́' ló ń bèèrè. Ìyàwó onílé wa bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ni kí wọ́n rà fún un tó bá tún pé ọdún. Ọ̀gá ní, "Tẹ̀tẹ́."

Ìyá náà yíjú sí mi. "Tẹ́tẹ́? Ọmọ ọdún mẹ́rin?"

"Kẹ̀kẹ́ ló ń wí, mà."

Èmi nìkan ló ń gbọ́ ọ. Ìyàwó mi tó bí i, ìdajì ló ń gbọ́, á wá máa wo ojú mi fún ìdajì tó kù. Ọmọ náà kò ní í tíì pa ẹnu dé tí màá ti túmọ̀ rẹ̀ tán. Àwọn èèyàn á ní, "Baba yìí mà fẹ́ràn ọmọ o." Èmi náà á rẹ́rìn-ín músẹ́, màá mi orí díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n yin òun. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ìgbà wo gan-an ni ọmọ náà fẹ́ ráyè sọ tirẹ̀.

Ìyàwó mi ń rán yunifọ́ọ̀mù ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n to ẹ̀rọ ìránṣọ sí bí àga kíláàsì. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde nídìí ẹ̀rọ kí agogo ìrọ̀lẹ́ tó lù. Òun ni olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi pè sí kọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó mi sì wá fi sùn mí nírọ̀lẹ́.

"Wọ́n ń sín in jẹ ní kíláàsì," ó ní. "Wọ́n ń pè é ní Tẹ̀tẹ́. Olùkọ́ ní kì í bá wọn ṣeré mọ́, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí."

"Bó bá dàgbà, á fi sílẹ̀."

"Dádì Ọ̀gá, ẹ̀rù ń bà mí."

Mo ní kó má bẹ̀rù. Ẹ̀rù kì í bà mí rárá nígbà yẹn. Kí ló fẹ́ bà mí lẹ́rù? Ó ń yé mi.

Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Yàrá rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dígí kan wà lára ògiri tí wọ́n gbé sísàlẹ̀ kó lè tó ojú ọmọdé, àwọn àga ibẹ̀ sì kéré débi pé nígbà tí mo jókòó, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Olùkọ́ ọ̀rọ̀ yìí gbé àwòrán ológbò sókè.

"Ọ̀gá, kí nìyí?"

"Ológbò ni," ni mo wí.

Ó gbé òmíràn. "Èyí ńkọ́?"

"Ràkúnmí."

Ó sọ àwọn àwòrán náà kalẹ̀ sórí itan rẹ̀. "Bàbá, ọmọ ni mo bi."

"Mo mọ̀ pé òun lẹ bi. Mò ń bá a sọ ọ́ ni."

"Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró."

Ó yẹ etí Ọ̀gá wò, ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó bá a ṣeré nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní etí ọmọ náà dá ṣáká, ọpọlọ rẹ̀ sì jí. Ahọ́n rẹ̀ nìkan ni kò tíì mọ ibi tó yẹ kó fara kàn lẹ́nu. Kí n máa mú un wá ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun àti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Nílé, kí a máa dúró kó sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, bí kò bá sì yé wa, kí a ní kó tún un sọ.

"Ó máa ń yé mi," ni mo wí.

"Ibi tí wàhálà wà nìyẹn, Bàbá."

Ẹ wo ìwọ̀sí. Èmi tí gbogbo àdúgbò ń yìn, obìnrin kan jókòó sórí àga ọmọdé, ó ní ìfẹ́ mi ló ń ṣe ọmọ mi. Mo ti ń bínú ká tó sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, tí mo rí bí ojú ìyàwó mi ṣe tàn, mo ní èmi ni màá máa mú un lọ, kó má ṣe ìyọnu, mo mọ̀ pé wọn ò ní í jẹ́ kó dìde nídìí ẹ̀rọ.

"Ẹ ṣé," ó ní. Ó di ọwọ́ mi mú. "Mi ò mọ ohun tí mi ò bá ṣe láìsí yín."

Bó ṣe di alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ ò lè rí baba tó dára jù mí lọ.

Nísinsìnyí, ẹ wo bí ayé ṣe máa ń ṣètò nǹkan fún ẹni tó bá fẹ́ bàjẹ́. Láàárín jẹ́lé-ó-sinmi àti ilé ìwòsàn ni ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan wà. Èmi ni mo bá a wá ṣọ́ọ̀bù náà. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, dígí mẹ́ta wà lára ògiri kan, yàrá kékeré sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí mo ti bá a polówó pé kò sí irú rẹ̀ fún ìkẹ́rùsí. Obìnrin náà máa ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi. Ìyàwó mi ti gbọ́ gbogbo àwàdà náà tán, kì í rẹ́rìn-ín mọ́, á kàn ní, "Ẹ jẹun."

Ọ̀sán Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, mo fa Ọ̀gá lọ́wọ́, a ń lọ sí ilé ìwòsàn. Onídìrí yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀dá éjẹ́ńtì, ilẹ̀kùn tí ẹ ní kò léwu yìí ti há mọ́ mi lọ́wọ́ o."

Mo ní kí n yà wò ó. Kí ilẹ̀kùn náà tó ṣí, àkókò olùkọ́ ọ̀rọ̀ ti kọjá. Mo ní kò burú, Ọjọ́bọ̀ kò jìnnà. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo yà wò ó bóyá ilẹ̀kùn náà ṣì ń ṣí. Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo yà wò ó bóyá àyẹ̀wò Ọjọ́bọ̀ tó. Mi ò tíì rí ilẹ̀kùn tí wọ́n tọ́jú tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ọmọ yín nìyí?" ni onídìrí bi mí. "Ìyá ẹ̀ ńkọ́?"

Èémí kan wà tí mo máa ń mí bí ayálégbé bá bi mí bóyá omi ń yọ nínú ẹ̀rọ. Mo mí in. "Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀," mo ní. "Ó ti fi ilé sílẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń tọ́ ọ."

Bẹ́ẹ̀ ni ó rọrùn tó. Mo tiẹ̀ káàánú ara mi bí mo ṣe ń wí i.

Ọ̀gá ti jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó ń jẹ bisikíìtì. Ó gbé orí sókè. "Màmí mi ń yán aṣọ," ó ní.

"Kí ló wí?" ni onídìrí bèèrè.

Màmí rẹ̀ ń rán aṣọ, ohun tó wí nìyẹn, ó sì ń wò mí kí n bá a sọ ọ́ síta bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Ó ní oorun ń kun òun," ni mo wí. "Ó ń yán."

"Ẹ̀yà, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Ó ká táwẹ́ẹ̀lì kan, ó fi ṣe ìrọ̀rí fún un, ó tẹ́ ẹ sórí àga. Oorun kankan kò kun Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ó dùbúlẹ̀, ó la ojú sílẹ̀, ó ń wò mí. Ó yẹ kí ojú yẹn tó mi. Kò tó mi.

Ọjọ́ yẹn ló yé mi irú ọrọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ọkùnrin mìíràn ń sápamọ́ fún ọmọ wọn, torí ẹnu ọmọdé kò ní ilẹ̀kùn. Ọmọ tèmi ń rí gbogbo nǹkan, ó ń sọ gbogbo nǹkan, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ju èmi lọ. Mo ń sùn fọnfọn.

Kí n má bàa fi àkókò yín ṣòfò lórí èmi àti onídìrí, ohun tí ẹ ń rò náà ni.

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó mi á dé, okùn ìránṣọ á lẹ̀ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ohun tó sì máa kọ́kọ́ bèèrè ni, "Kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí?"

Nígbà àkọ́kọ́, mi ò ti múra sílẹ̀. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Abọ́ omi kan wà nílẹ̀ tí mo ti fi ṣan ẹsẹ̀.

"Omi," mo ní.

"Omi?"

"Wọ́n ní kó máa fẹ́ atẹ́gùn sínú omi nínú abọ́, kó máa pe 'k' bó ṣe ń fẹ́ ẹ. Ó máa ń fún ahọ́n lágbára."

Ẹ gbọ́ ẹ̀bùn ọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìyàwó mi tó ti tẹ̀ lórí ẹ̀rọ láti àárọ̀ á kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti ọmọ rẹ̀, abọ́ omi á wà láàárín wọn. Òun á fẹ́ ẹ, ọmọ á fẹ́ ẹ. Omi á ta sí wọn lójú. "K," ni ìyá á wí. "T," ni ọmọ á wí, omi á máa hó lábẹ́ ẹnu rẹ̀. "K." "T." Èmi á jókòó sórí àga, màá máa wò wọ́n. Mo tiẹ̀ máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. "Ẹ ní kó rọra máa fẹ́ ẹ," mo máa ń wí. "Olùkọ́ kò fẹ́ kó yára."

Ọ̀gá ní tirẹ̀ kò dákẹ́. Ó ń sọ fún ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́. "Dádì àti àǹtí onídìyí," á ní. "Àǹtí onídìyí fún mi ní bititì."

Ìyàwó mi di ojú pọ̀. "Ìdí yìí? Kí ló ń wí nípa ìdí?"

"Ìdí ló ń yún un," ni mo wí kíá.

Ó dìde, ó lọ ra ìpara. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ń dojú ọmọ náà délẹ̀, ó ń fi ìpara pa á nídìí. Ọ̀gá ń fi ẹsẹ̀ ta, ó ń pariwo, "Onídìyí ni mo wí, onídìyí," ìyá rẹ̀ sì ń wí pé, "Mo gbọ́, ọmọ mi, ìdí yìí náà ni mò ń pa." Bó bá ṣe ń sọ òótọ́ tó ni ìpara ṣe ń pọ̀ tó. Èmi wà níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń bá wọn ṣí ìdérí rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, obìnrin àgbàlagbà kan wà tó ń gbé ní ilé tó tẹ̀ lé e. Etí rẹ̀ wúwo, nítorí náà Ìyá Kíní ni gbogbo wọn ń pè é. Kò sí ohun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní í kọ́kọ́ ní, "Kíní?" Bí wọ́n bá ti dirun rẹ̀ tán, kì í lọ, á jókòó síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ torí pé ìjókòó ibẹ̀ ń dùn mọ́ ọn. Tí èmi àti onídìrí bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la máa ń fi Ọ̀gá sí. Mo ní kò sí ewu. Adití ló wà pẹ̀lú ẹni tí a kì í gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ọ̀gá fẹ́ràn àti máa ya irun orí ère kan tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ irun. "Mo fẹ́ tọ́ọ̀mù," á ní.

"Kíní?"

"Tọ́ọ̀mù."

"Kíní? Wá síwájú mi. La ẹnu kí n rí ohun tí ò ń wí."

Mo máa ń gbọ́ wọn láti yàrá ẹ̀yìn, "Kíní? Kíní?" bíi kí aago máa lù. Èmi àti onídìrí á máa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó dìde lọ túmọ̀. Ọwọ́ mi dí. Ọmọ náà fẹ́ kọ́ọ̀mù, ìyá náà kò gbọ́ tọ́ọ̀mù, ó wá di dandan fún ọmọ náà láti wá ọ̀nà mìíràn. Ó ń wo ẹnu ìyá náà. Ó ń wo ẹnu tirẹ̀ nínú dígí. Ó ń fa ohùn láti ọ̀nà ọ̀fun bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Mi ò fiyè sí i. Kí ni mo fẹ́ fiyè sí i fún?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nílé, mò ń wá kọ́kọ́rọ́ mi káàkiri.

"Ta ló rí kọ́kọ́rọ́ Dádì?" ni ìyàwó mi bèèrè. Ó ń lọ aṣọ.

"Kọ́kọ́rọ́ Dádì wà lábẹ́ àga," ni Ọ̀gá wí.

Ìyàwó mi gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Tún un sọ."

"Kọ́kọ́rọ́ Dádì. Ó wà lábẹ́ àga, níbẹ̀ yẹn."

Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá ẹ̀rín náà di ẹkún. "Omi yẹn ṣiṣẹ́," ó ń wí. "Dádì Ọ̀gá, omi yẹn ṣiṣẹ́."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi wá baba mìíràn tí ọmọ rẹ̀ pe 'k' àti 'r' pa pọ̀ nígbà àkọ́kọ́, tó jẹ́ pé ohun tó ń rò lọ́kàn ni pé 'r' wà nínú 'onídìrí'.

"Mo gbọ́dọ̀ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ yẹn," ni ìyàwó mi wí.

"Ó ti lọ sí ìsinmi."

"Ìgbà wo ló ń dé?"

"Ó máa pẹ́ díẹ̀."

Ó wò mí. Kò wò mí pẹ́. "Kò burú," ó ní, ó gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Bí Ọ̀gá bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, màá ní kó sùn. Bí kò bá sùn, màá ki bisikíìtì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ tí wọ́n ní kí n mú lọ kó lè sọ̀rọ̀, èmi gan-an ni mò ń fi bisikíìtì dí lẹ́nu. Onídìrí pàápàá ti ń fura. "Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ dáadáa báyìí," ó ní. "Ó ń sọ fún mi ṣáá pé màmí òun ń ṣe irun òun láàárọ̀."

"Ìyá mi ló ń wí," ni mo dáhùn. "Ìyá tèmi ló ń pè ní màmí."

Ó ní, "Ó dára." Ó bẹ̀rẹ̀ sí bi mí ìgbà tí màá mú òun lọ mọ ìyá mi.

Ọ̀sán Ìṣẹ́gun kan, mo fa Ọ̀gá lọ́wọ́, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣí wẹ́rẹ́, ẹ ṣáà mọ̀ bí mo ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá Kíní wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀. Onídìrí dúró lẹ́yìn àga àárín, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú irun oníbàárà kan. Wọ́n ti di apá kan orí náà, apá kejì ṣì wà ní títú. Okùn ìránṣọ funfun kan lẹ̀ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì oníbàárà náà.

Mo gbé ojú sókè sí dígí. Ìyàwó mi ń wò mí láti inú rẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi fẹ́ padà. Ọ̀gá ti já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

"Màmí mi nìyẹn," ó ní. Kedere bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ onídìrí dúró. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ò ní í gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti là fúnra rẹ̀. "Ó ní..." ni mo bẹ̀rẹ̀.

"Mo gbọ́ ohun tó wí," ni onídìrí wí.

"Èmi náà gbọ́," ni ìyàwó mi wí.

"Kíní?" ni Ìyá Kíní bèèrè láti kọ̀rọ̀.

Ọ̀gá lọ dúró níwájú rẹ̀, ó la ẹnu dáadáa bí ìyá náà ṣe kọ́ ọ. "Màmí mi ni. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni wọ́n ń ṣe. Ilé wa ni wọ́n ń gbé."

"Áà," ni Ìyá Kíní wí. "Màmí ẹ." Ó yíjú, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì tún bèèrè nǹkan kan mọ́.

Ohùn onídìrí ti wálẹ̀. "Mà, ó sọ fún mi pé ẹ ti fi ilé sílẹ̀."

"Mo rò pé ohun tó máa sọ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí ẹ̀. Mi ò lè fi orí báyìí jáde."

Ó parí rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó. Ọ̀gá ń fa kọ́ọ̀mù lé onídìrí lọ́wọ́, ó ń sọ orúkọ gbogbo nǹkan tó wà lórí tábìlì, kò sì sí èyí tó ṣì pè.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, onídìrí kò wojú mi. "Bọ̀dá éjẹ́ńtì, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn." Mo yọ ọ́ kúrò lára ìyókù. Ó pẹ́ kó tó yọ. Òun náà ti gbà mí gbọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Àwọn méjì ni mo bà jẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ká má tíì ka ọmọ.

A rìn jáde. Ìyàwó mi di ọwọ́ Ọ̀gá mú, mò ń tẹ̀ lé wọn. Ọ̀nà jìn díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ bá olùkọ́ ọ̀rọ̀. Mo rán báàgì kékeré kan fún un láti fi dúpẹ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun rí ọmọ mi. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ń ṣàlàyé omi fún un. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, mo ń ṣe é fún un bí a ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Ó ń wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Nígbà tí mo délé ni mo bi ọmọ mi pé níbo ni òun àti bàbá rẹ̀ ń lọ. Ó sọ ọ́. Ó júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún mi títí dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mo tún gba àyè lónìí."

Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀kọ́ omi yẹn, níbo lo ti rí i?"

'Lo' ló wí. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, 'ẹ' ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, àní nígbà ìjà.

"Mo rí abọ́ kan nílẹ̀," mo ní.

Òótọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí mo sọ òótọ́ kẹ́yìn, èyí tí mo sì sọ yìí ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo tíì sọ.

"Obìnrin yẹn, ó ṣeé ṣe kí n gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan," ni ìyàwó mi wí. "Ìpara tí mo fi ń pa ọmọ mi nídìí torí pé ó ń sọ òótọ́ fún mi ńkọ́? Omi yẹn ńkọ́?"

Òun àti Ọ̀gá kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn ni wọ́n ti ń lọ bá olùkọ́ ọ̀rọ̀ báyìí. Olùkọ́ náà ní 'k', 'r' àti 'gb' kò jẹ́ ìṣòro mọ́. Ó ní ohun tó máa pẹ́ kó tó lọ ni òmíràn. Ọ̀gá kì í sọ̀rọ̀ fún àgbà láìkọ́kọ́ wo ojú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, bóyá ẹnì kan fẹ́ bá òun sọ nǹkan tí òun kò wí. Bí ó bá sọ ọ́ tán, á tún un sọ kí wọ́n tó ní kó tún un sọ. Olùkọ́ ní òun ti rí ọmọ tí kò lè pe 'k' rí. Òun kò tíì rí èyí tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ń bà lẹ́rù báyìí.

Tí ọmọ yín bá ń ṣi ọ̀rọ̀ pè, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ dúró kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá wá jẹ́ irú baba tó gbọ́n bíi tèmi, ẹ kàn máa túmọ̀ lọ. Àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ń gbà mí láàyè láti wá kí i. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kì í kí mi, ìka ló fi máa ń nà sí àga tí mo máa jókòó sí. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, Ọ̀gá dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀, ó ń ya àwòrán. Ìyàwó mi ń to aṣọ sínú àpótí nínú yàrá tó ṣí sí wa. Ọ̀gá gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ó wo ojú mi, ó wo ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó tún wo ojú mi.

"Dádì, kí ló dé tí a kì í sùn sílé kan náà mọ́?"

Mo wo ìyàwó mi. Kò gbójú sókè. Ó ń to aṣọ rẹ̀ lọ.

Mo ní èsì tó pọ̀. Iṣẹ́ ló pọ̀. Ilé ibẹ̀ ń jò. Mò ń rìnrìn àjò. Gbogbo wọn ti tò sí mi lẹ́nu, wọ́n dán, wọ́n dùn ún gbọ́.

"Mo parọ́ fún màmí ẹ," mo ní.

"Irọ́ wo?"

"Ó pọ̀."

Ó ronú sí i. Ó ti àwòrán rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àgbọ̀n.

"Ẹ máa sọ ọ́," ó ní. "Mò ń gbọ́."